Òrùka Tí Títíladé Dá Padà

Ẹni tó bá gba Akínyẹlé kọjá lọ́dún 1965 kò ní ṣàì gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ Títíladé ní ìta ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò dún díẹ̀, yóò tún dákẹ́. Aránṣọ jókòó ní Akínyẹlé, ọkàn rẹ̀ sì wà ní Ìlú Ọba.

Ibẹ̀ ni Àkànbí ọkọ rẹ̀ wà, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti mọra láti ìgbà tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ìjọ Aládúrà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbé pọ̀ rí. Nígbà ìdána, Àkànbí kò lè wá sílé. Ẹbí gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga, wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ àga náà, ìyàwó sì kúnlẹ̀ níwájú fọ́tò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìdílé tó bá ní ọmọ lókè òkun mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é.

Àkànbí wá kọ̀wé pé kí Títíladé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn, kó lọ gba àṣẹ láti wá bá òun gẹ́gẹ́ bí aya. Ó ní wọn yóò bi í bóyá ó ti lọ́kọ rí. Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ dún.

Títíladé ti lọ́kọ rí. Ògúntádé ará Ẹgbẹ́dá ló kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú òrùka, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Ọmọ kò dé, ìjà dé, Ògúntádé sì mú obìnrin mìíràn wọlé. Ni ẹbí méjèèjì bá gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ. Bàbá Lazarus, bàbá Títíladé, dá owó ìdána padà. Títíladé bọ́ òrùka lọ́wọ́, ó gbé e síwájú àwọn adájọ́, wọ́n sì fi lé bàbá Ògúntádé lọ́wọ́. Gbogbo wọn ní ó parí. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n túká.

"Ṣebí kí o sọ pé rárá ni," Ìyá Mùnírù, àbúrò bàbá rẹ̀, dá a lóhùn nígbà tó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́. "Ta ni yóò ti Ìlú Ọba wá sí Ẹgbẹ́dá wá wádìí?"

"Irọ́ nìyẹn, Ìyá Mùnírù."

"Ohun tó ti tán ti tán. Ọjọ́ orí rẹ ń lọ, o ò sì tíì gbọ́mọ pọ̀n. Àbí o fẹ́ kí fọ́tò fún ọ lóyún ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Títíladé, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ni òun náà ń rò lójoojúmọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu pé òun yóò sọ pé rárá.

Lọ́jọ́ kejì ni Ìyáàfin Ọlálẹ́yẹ wá wọn búbà. Obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn n'Ìbàdàn. Títíladé ń wọn apá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bèèrè ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni pé ti ọ̀rẹ́ kan ni.

"Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ rẹ fi fẹ́ parọ́?" Ìyáàfin Ọlálẹ́yẹ bi í. "Kò sí òfin tó ní kí ẹni tó kọ ọkọ má fẹ́ òmíràn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ti àkọ́kọ́ ti tú lóòótọ́. Báwo ló ṣe ṣe ti àkọ́kọ́?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni, mà. A ṣe òrùka, a fọwọ́ sí ìwé." Ó ti gbàgbé pé ti ọ̀rẹ́ lòun ń sọ.

"Níbo lẹ ti tú u?"

"Kóòtù ìbílẹ̀. Bàbá mi dá owó ìdána padà. Èmi náà dá òrùka padà."

Ìyáàfin Ọlálẹ́yẹ sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. "Títíladé, ó dùn mí láti sọ ọ́ fún ọ. Ìgbéyàwó yẹn ṣì wà."

Bàbá Lazarus, tó ti ń gbọ́ wọn láti inú ilé, jáde síta. "Ìyáàfin, òrùka tí a gbé lé wọn lọ́wọ́ níwájú adájọ́ ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òrùka kọ́ ni ìgbéyàwó. Bó bá bọ́ sódò lọ́jọ́ tí ọmọ yín ń fọṣọ, ṣé ẹ ó ní kò lọ́kọ mọ́ ni?"

Bàbá Lazarus fa àga, ó jókòó tì wọ́n.

"Ká ní ìdána nìkan lẹ ṣe," ni obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ìwé kóòtù ìbílẹ̀ ì bá tó. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ṣe lábẹ́ òfin ìjọba, kóòtù gíga nìkan ló lè tú u. Àwọn ará Ìlú Ọba yóò bèèrè pé, ṣé kóòtù tó tú ìgbéyàwó yìí ní agbára láti tú u? Èyí tí kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbí, kò lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Èmi àti Àkànbí ńkọ́, mà?"

"Lójú ẹbí, ìyàwó rẹ̀ ni ọ́. Lójú òfin, ìyàwó Ògúntádé ni ọ́ síbẹ̀. Tí o bá sì lọ sọ pé o ò lọ́kọ rí, tí wọ́n wá rí orúkọ rẹ nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́, àní lórí ohun tó jẹ́ òótọ́."

Títíladé bú sẹ́kún. Ó bínú sí bàbá rẹ̀, ó bínú sí àwọn adájọ́, ó sì bínú sí ara rẹ̀. Nígbà tó sunkún tán, ó kọ̀wé sí Àkànbí, kò sì fi ohunkóhun pamọ́. Àkànbí fèsì pé òun yóò dúró.

Ìyáàfin Ọlálẹ́yẹ júwe lọ́yà kan fún un. Kí ìwé ìpè ilé ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ Ògúntádé, Títíladé lọ bá a ní Adégbayì, níbi tó ti ń ta pákó, kó má baà rò pé ìjà ló tún dé.

"Kí ni mo tún ṣe?" ni Ògúntádé bi í. "Ṣebí a ti parí ọ̀rọ̀ yìí."

"A rò pé a parí ẹ̀ ni. Bí mi ò ṣe tíì bọ́, ìwọ náà ò tíì bọ́. Òfin ò tíì mọ ìyá àwọn ọmọ rẹ ní ìyàwó."

Ògúntádé gbé pákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa," ló wí. "Máa lọ. Mi ò ní dí ọ lọ́nà."

Ó gba sùúrù. Nígbà tí kóòtù gíga kọ́kọ́ dá ẹjọ́, Ìyá Mùnírù ti ń wá àpótí ìrìn àjò kiri. Lọ́yà ní kí wọ́n dúró de àṣẹ ìkẹyìn, nítorí pé ìgbà náà ni ìgbéyàwó yóò tú pátápátá. Wọ́n dúró. Nígbà tí àṣẹ náà dé, Àkànbí gba ìsinmi, ó wọkọ̀ ojú omi wálé, wọ́n sì so yìgì ní ọ́fíìsì ìjọba.

Lẹ́yìn náà ni ẹbí tún ìdána ṣe. Àga tí fọ́tò jókòó lé nígbà kan, Àkànbí fúnra rẹ̀ ló jókòó lé e. Títíladé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì lè gbé ojú sókè fún ayọ̀.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá ó ti lọ́kọ rí, Títíladé fa ìwé yọ. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ sì ti tú u. Ìwé rẹ̀ nìyí." Wọ́n fún un láṣẹ.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ fi ti Títíladé kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá ti ní ọkọ tàbí aya rí, tí ẹ sì fẹ́ lọ bá ẹlòmíràn lókè òkun, ẹ kọ́kọ́ wádìí bí ti ìṣáájú ṣe tú. Ìdána nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ tó. Ẹ gba ìwé ìdájọ́ yín lọ́wọ́ wọn. Ti òrùka àti ìwé ìjọba, ẹ gba kóòtù gíga lọ, kí ẹ sì dúró de àṣẹ ìkẹyìn kí ẹ tó ṣe òmíràn. Ẹ má parọ́ fún òṣìṣẹ́ kankan.

Bàbá Lazarus kò gbàgbé. Bí bàbá kan nínú ìjọ bá wá sọ fún un pé ọmọ òun ti kọ ọkọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi í: "Ta ló so ó? Ṣé ẹni tó lágbára láti tú u náà lẹ gbé e lọ bá?"