Ohùn Tí Ludivine Fọwọ́ Tà

“Ẹ jẹ́ kí n mú ìwé àdéhùn yìí lọ sílé kí màmá mi bá mi kà á,” ni Ludivine wí.

Ọ̀gbẹ́ni Thibaud, olùdarí fíìmù, rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó o ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún? Ọmọbìnrin mẹ́rin ló jókòó síta tí wọ́n ń wá ipò yìí o.”

Ojú ìwé mọ́kànlá ni àdéhùn náà. Ludivine kò ka ju ẹyọ kan lọ tó fi tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò àṣejáde Ludivine nílé ìwé gan-an ni wọ́n fẹ́ ya fíìmù náà. Ní Boulogne létí òkun, Odile ìyá rẹ̀, tó ń la ẹja nílé-iṣẹ́ ẹja, sọ̀rọ̀ títí. “Ẹni tó lé eku méjì, òfo ní í mú bọ̀.”

“Ẹyọ kan ni mò ń lé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ìdánwò máa lọ.”

Nígbà tí fíìmù dé Boulogne, Odile àti Ludivine kó àwọn ẹlẹgbẹ́ Odile níbi iṣẹ́ lọ wò ó. Ojú Ludivine yọ lójú ògiri, ó fẹ̀ bí ilé. Ó la ẹnu láti sunkún òkú bàbá rẹ̀ inú eré. Ohùn ẹlòmíràn ló jáde, ohùn tútù bíi ti ọmọ Paris.

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ yìí?” ni Ginette, ọ̀kan nínú wọn, bèèrè. Odile di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì, Ludivine tẹ Thibaud láago, ó sì bi í nípa ohùn náà.

“Bí ẹ̀yin ará etíkun ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn á kàn máa rẹ́rìn-ín ni,” ni Thibaud wí. “Pé a lè fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò tìrẹ kúkú wà nínú ìwé tó o tọwọ́ bọ̀. Fíìmù méjì ló sì kù tó o máa ṣe fún wa kó o tó lè bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́.”

Odile mú Ludivine àti ìwé náà lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò obìnrin kan. Agbẹjọ́rò náà ka gbogbo rẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ṣé ọwọ́ rẹ ló wà nísàlẹ̀ ìwé yìí?”

“Ọwọ́ mi ni, mà.”

“Ó mà ṣe o. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.”

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìwé ìròyìn kan yin Ludivine. Ó ní ohùn rẹ̀ ló dùn jù nínú eré náà. Odile kà á sókè títí dé ìdajì, ó wá pa ìwé náà dé. Nígbà tí ọdún yí po, Ludivine tún dúró níwájú kámẹ́rà Thibaud, ó ń la ẹnu fún ohùn ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ẹni tó bá kánjú tọwọ́ bọ ìwé tí kò kà, ohun tí kò fẹ́ tà gan-an ni yóò tà.