Oògùn Tí Tọkọtaya Pín Sí Méjì

Aránṣọ kan gbórí lé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di inú mú. Aṣọ ìyàwó tó ń rán lọ́wọ́ yọ̀ bọ́ sílẹ̀ bí òdòdó tí oòrùn pa.

Wẹ́dà, ọkọ rẹ̀ tó ń fi iná jó irin pọ̀, sáré wọlé. "Ẹyinjú mi, ṣé inú yẹn náà ni? Ṣebí o ti gba ìtọ́jú?"

"Ó ti padà, olówó orí mi. Ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà láti àná. Mi ò fẹ́ já yín láyà ni."

Nílé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Wẹ́dà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀, ojú tó kọ́kọ́ rí lọ́jọ́sí tó fi gbàgbé iná tó fi ń jó irin lọ́wọ́.

Dókítà, obìnrin kan, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kòkòrò tó ń dá egbò sí ikùn ti padà. Oògùn tí a fún un nígbà yẹn, ṣé ó lò ó tán?"

"A lò ó tán, Dókítà."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

Wẹ́dà wolẹ̀. "Inú ń ta èmi náà. Ó ní òun ò lè máa gbádùn kí èmi máa jẹ̀rora. La bá ń pín in. Àwa kì í dá nǹkan jẹ."

"Háà! Ẹ bá pín ẹran, ẹ bá pín aṣọ ìbora. Oògùn lẹ wá pín! Ejò tí ẹ ṣe léṣe tí ẹ ò pa, ṣé ẹ rò pé á dúpẹ́ ni? Kòkòrò tó bá yè bọ́ lè gbójú sí oògùn yẹn, kí oògùn náà má lè pa á mọ́. Ẹ ò sì padà wá fún àyẹ̀wò."

"Ìrora ti lọ, a rò pé ó ti tán." Wẹ́dà dọ̀bálẹ̀. "Dókítà, ẹ má jẹ́ kó kú."

"Ẹ ṣeun tí ẹ tètè gbé e wá. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀yin náà wò."

Nígbà tí ara aránṣọ mókun, wọ́n gbé oògùn tuntun fún un. Ó na ọ̀kan sí ọkọ rẹ̀. "Tiyín rèé."

Omijé bọ́ lójú Wẹ́dà. Ó rọra pa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dé. "Dókítà ti fún mi ní tèmi. Gbé tìrẹ mì, ẹyinjú mi."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí wọ́n bá fún yín lóògùn kòkòrò ikùn, ẹ lò ó tán bí dókítà ṣe wí, kódà bí ìrora bá lọ. Ẹ padà lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá kòkòrò náà ti kú. Bó bá padà, ẹ má fúnra yín ra oògùn àtijọ́. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, tàbí tí ẹ bá bi ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kíá.

Ẹ jọ jẹun, ẹ jọ sùn, ẹ jọ sunkún. Ṣùgbọ́n kí kálukú dá oògùn tirẹ̀ lò.