Ẹni Tó Ń Tọ́jú Olójú-Mẹ́ta

Àwòrán náà gún ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó kọ́kọ́ kó Wáyà oníṣẹ́ iná láyà jẹ nìyẹn, kì í ṣe òórùn rọ́bà jíjó tí wọ́n torí rẹ̀ pè é.

Ó dúró láàárín pálọ̀ òkè, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo aṣọ funfun tó bo ògiri. Wọ́n ti fa kọ́tìnì dúdú bo gbogbo fèrèsé, ọ̀sán gangan sì ṣókùnkùn biribiri. Lókè orí rẹ̀, Olójú-Mẹ́ta ń kùn lábẹ́ àjà. Orúkọ tí àwọn ọmọ ilé náà sọ pírójẹ́tọ̀ ńlá yẹn láti kékeré nìyẹn, nítorí gíláàsì mẹ́ta tó tò níwájú rẹ̀: ọ̀kan ń tan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu lórí aṣọ ni àwòrán máa ń tó jáde dáadáa. Bàbá ilé ló rà á nígbà tí kò tíì sí irú rẹ̀ ládùúgbò, Bàbá fúnra wọn ni wọ́n sì ń tún un tò títí wọ́n fi kú.

Wáyà tẹ bọ́tìnì kan. Àwọn ìlà tó dábùú ara wọn bo aṣọ náà bí àwọ̀n, gbogbo wọn funfun báláú, kò sí àwọ̀ kan tó yà kúrò lára èkejì.

Ó bi Àkọ́bí, ọmọbìnrin tó dàgbà jù nílé náà tó pè é wá, pé, "Àǹtí, ta ló ń bá yín tún un tò?"

Àkọ́bí ní kò sẹ́nì kankan. Látìgbà tí Bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ju pé kí Màmá tàn án láti wo fíìmù ẹbí. Ó fi kún un, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹbí ṣe máa ń yìn ín, pé ojúlówó ẹ̀rọ ni.

Wáyà mi orí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní irú ẹ̀rọ yìí kì í dá dúró. Ooru á sún un, ọjọ́ orí á sún un. Bí ọwọ́ èèyàn ò bá kàn án fún oṣù díẹ̀, pupa á gba ọ̀nà tirẹ̀, búlúù á gba tirẹ̀, èèyàn inú àwòrán á sì máa ní imú méjì. Ó béèrè ìgbà tí Bàbá kú. Àkọ́bí ní ọmọ tó wà nínú òun nígbà náà ti wọ ilé ìwé gíga.

Wáyà fa àpótí kan sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó gun àpótí, ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ.

Ohun tó rí níbẹ̀ kò dáa. Omi tó ń mú gíláàsì àwọ̀ ewé tutù ti dọ̀tí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Gíláàsì búlúù ti gbó. Okùn tó ń gbé iná ńlá ti sán, iná sì lè ṣẹ́ yọ nígbàkigbà. Kò sẹ́ni tó ń ṣe irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n gbé tuntun síbẹ̀.

Ọkàn Àkọ́bí pín sí méjì. Ẹ̀rù ń bà á kí ilé má jó mọ́ Màmá lórí. Ṣùgbọ́n Màmá ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé Olójú-Mẹ́ta kúrò níṣojú òun, Àkọ́bí ò sì mọ ohun tó tún lè mú ìyá rẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀ bí kò bá sí àwòrán yẹn.

Wáyà ní kí òun kọ́kọ́ dán nǹkan kan wò, kí òun lè mọ̀ bóyá orí òun ṣì pé. Ó yí àwọn bọ́tìnì títí búlúù fi jìnnà sí pupa, tí àwọ̀n náà rí jágajàga bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ti àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn méjèèjì jáde, Àkọ́bí ti ilẹ̀kùn pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àyà.

Nísàlẹ̀, nínú kíṣìnì, Màmá bu tíì fún wọn. Wọ́n wo ojú Wáyà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Wáyà, ìwọ náà ń gbọ̀n? Mo ṣe bí iná ló ń bẹ̀rù ẹ."

Kó tó dáhùn, nǹkan kan wọ́ nílẹ̀ lókè, bí ẹsẹ̀ àpótí tó ń ha táìlì. Lẹ́yìn náà, ikọ́ kan, gbígbẹ, ikọ́ ẹni tó fi eyín di irinṣẹ́ kékeré mú. Àkọ́bí mọ ikọ́ yẹn. Màmá rọra gbé ìkòkò tíì kalẹ̀.

Nígbà tí Àkọ́bí ṣí ilẹ̀kùn, kò sẹ́nì kankan nínú òkùnkùn. Àwọn ìlà ti padà di funfun, wọ́n gún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àpótí wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Wáyà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì yára gbé e kúrò. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Wáyà ṣí fìlà lórí. "Ọwọ́ rere nìyí," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n ò tíì rí irú ẹ̀."

Màmá gòkè tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wo àwọn ìlà náà pẹ́. Wọ́n bi Wáyà bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀rọ náà ò lè dá gún, bó tiẹ̀ jẹ́ ọdún kan péré. Ó ní kò lè ṣeé ṣe.

Nígbà náà ni wọ́n sọ ohun tí ọmọ wọn kankan ò gbọ́ rí. Nígbà àìsàn Bàbá, Màmá ń fi omi nu ọkọ wọn lára, wọ́n sì fi ṣàwàdà pé ta ni yóò wá máa tún àwòrán tò fún òun. Bàbá dì wọ́n lọ́rùn ọwọ́ mú, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn bá ṣì wà lókè, àwòrán rẹ̀ ò ní tú. Màmá rò pé wọ́n kàn ń tu òun nínú ni. Látìgbà náà, ẹ̀rọ ni wọ́n ń yìn.

"Ìbàdí tó ń dun bàbá yín," Màmá wí, "wọn ò lè nàró tán kí wọ́n tó kú. Wọ́n wá ń gun àpótí nítorí mi." Wọ́n yíjú sí Wáyà. "Sọ ọ́ kalẹ̀."

Àkọ́bí dì wọ́n lápá mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tá a bá sọ ọ́ kalẹ̀, níbo ni wọ́n máa lọ?"

"Wọ́n á lọ jókòó."

Màmá sún mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n gbójú sókè. "Bàbá àwọn ọmọ mi," wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìdúró. Ó tó, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Wáyà ò tíì débi ìpaná. Pupa kọ́kọ́ kú. Àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e. Búlúù ló kú gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn géńdé bá Wáyà gbé e lọ, wọ́n ń làágùn lábẹ́ ẹrù náà. Ó so tuntun rọ̀, èyí tí kò ju páálí bàtà lọ, olójú kan. Ó yára ṣe é, kò dúró mu omi.

Màmá ní kí wọ́n fi fíìmù ìgbà tí Àkọ́bí ń kọ́ ìrìn sí i. Àwọ̀ rẹ̀ tàn yòò. Àkọ́bí fẹ́ jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àga gígùn, Màmá sì na ọwọ́ dí i, wọn ò gbójú kúrò lára aṣọ.

"Má jókòó síbẹ̀," wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Àkọ́bí wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Tìmùtìmù ibẹ̀ ti tẹ̀ wọnú bí ìgbà téèyàn bá jókòó sí i.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwòrán náà dà sápá òsì díẹ̀, gbogbo ojú ló rí i. Wọ́n wò ó dópin bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde lọ tún un ṣe.