Ẹjọ́ Ergash, Òkú Tó Ń Mí

Lọ́jọ́ tí Oysuluv gbé òkú ọkọ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, òkú náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, òun ló tiẹ̀ ru àkéte tí wọ́n fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́ òkú.

"Bàbá Hamro, ẹ dùbúlẹ̀," ni Oysuluv wí.

"Igi yìí le jù, Ìyá Hamro."

"Òkú wo ló ń ráhùn báyìí? Ẹ dùbúlẹ̀ jàre."

Ergash dùbúlẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó sá dé láti oko ẹrú. Ogun Bek Dostmurod, olórí ìlú Oqtepa, ló bá lọ tí ọ̀tá fi mú un. Lẹ́yìn rẹ̀, Adájọ́ Burhon dájọ́ fún obìnrin kan tí ebi ń pa, pé kí wọ́n ka ọkọ rẹ̀ tó sọnù sógun sí òkú, kó lè lọ́kọ mìíràn. Bek gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí akéde pariwo ìdájọ́ náà káàkiri ọjà Oqtepa: gbogbo ọkùnrin tó bógun lọ tí kò bọ̀ ti kú, oko òwú wọn sì ti di ti Bek.

Bek fúnra rẹ̀ wà nílé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà lórí tìmùtìmù, nínú ẹ̀wù ṣẹ́dà aláràbarà, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ di kòbókò mú.

"Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin Adájọ́," ni Oysuluv kí láti abẹ́ ìbòjú rẹ̀. "Mo gbé òkú wá."

"Obìnrin yìí," Bek dá a lóhùn, "òkú rẹ ń ṣẹ́jú sí mi."

"Kábíyèsí, ẹ̀yin lẹ ní ó ti kú. Ta ni èmi tí màá já yín nírọ́?"

"Ilé ẹjọ́ ló wí bẹ́ẹ̀. Òkú ò sì lè rojọ́ níbí. Ẹ lé wọn jáde!"

"Kò wá rojọ́, ó wá fún ìsìnkú ni. Kí wọ́n tó pín ogún, ṣebí wọ́n á kọ́kọ́ wẹ òkú, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, wọ́n á kírun sí i lára. Ẹ̀yin lẹ jogún. Ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn, ẹ wá gbé apá orí àkéte."

Ergash wúkọ́. Ẹnìkan kígbe láàárín èrò: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Kábíyèsí!" Ẹ̀rín bẹ́.

Bek kò rẹ́rìn-ín. "Burhon, èmi ni mo fi ọ́ sípò. Sọ̀rọ̀."

Oysuluv tẹjú mọ́ Adájọ́. Bí àgbà yìí bá gbè sẹ́yìn Bek, oko ti lọ nìyẹn. Adájọ́ dìde, ó rọra rìn dé ìdí àkéte, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú imú Ergash.

"Ó ń mí. Bí ẹ bá sin ín, ẹ pààyàn. Bí ẹ ò bá sin ín, ẹ ò jogún kankan. Ẹ mú ọ̀kan."

"Ìdájọ́ tìrẹ ni mo tẹ̀ lé!"

"Obìnrin kan ni mo dá a fún, nítorí ebi. N kò dá a fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yó."

Bek dìde, ó jáde láìwẹ̀yìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin mìíràn tí ọkọ wọn bógun lọ ti gbé àkéte òfìfo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ gbé òkú wa fún wa," ni wọ́n ń wí, "kí ẹ tó jogún." Kò rójú já òwú ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn.

Ṣùgbọ́n Bek gba láwàní lórí Burhon, ó nà án lọ́jà, ó sì lé e kúrò nílùú. Ọ̀nà tí àgbà náà gbà gba ẹ̀gbẹ́ oko Ergash kọjá. Oysuluv sáré pàdé rẹ̀.

"Adájọ́, ẹ yà, ẹ wá jẹun."

"Ọmọ mi, wọ́n ní n kì í ṣe adájọ́ mọ́."

"Wọ́n ní Bàbá Hamro náà ti kú," ni Oysuluv wí, ó sì bu búrẹ́dì fún un.