Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Kò Gé

Ẹ má kà á sí àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn kan. Ìyá Kọ̀ǹpútà làwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò bí kọ̀ǹpútà kankan rí. Lọ́jọ́ náà, ìyá tirẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù òkè. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì ní tó bá dìde, ojú abẹ lè ṣí. Ọkàn ọmọ ò balẹ̀.

Ó ń yẹ àwọn àkójọ àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ wò ló bá rí ọ̀kan tí kì í ṣe òun ló dá a. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: orúkọ àbísọ, oríkì, títí kan èyí tí ìyá àgbà nìkan ń pè kó tó kú. Ó ka iye lẹ́tà tó wà nínú orúkọ náà. Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ẹ̀rọ yẹn kì í gba orúkọ tó ju lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ. Ohun tó bá lé, ṣe ló ń gé e sọnù láìsọ fẹ́nì kan. Kò gé èyí.

Ó tẹ orúkọ náà sórí ẹ̀rọ láti pe àkójọ náà jáde. Ẹ̀rọ ní kò sí. Ó rántí pé orúkọ tí wọ́n bá há sáàárín àmì àyọlò, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ lèèyàn gbọ́dọ̀ fi pè é, pẹ̀lú àmì rẹ̀, kó tó jẹ́. Ó fi àmì sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ó tẹ̀ ẹ́.

Àkójọ náà ṣí. Ìlà kan ló wà nínú rẹ̀: Mò ń bọ̀.

Fáànù ń yí, kò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó sáré gòkè.

Ìyá rẹ̀ ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ bàtà.

“Màámi, níbo lẹ ń lọ?”

“Ìwọ lo pè mí. O ò fo ọ̀kan nínú orúkọ mi.”

“Mi ò pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀.”

“Mo ti jẹ́ ìpè rẹ. Mo ní mò ń bọ̀.”

Ó mú ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó ní kí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ ọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ pa àkójọ náà rẹ́. Ó pè é pẹ̀lú àmì, kò sí. Ó pè é láìsí àmì, kò sí. Orí rẹ̀ dàrú. Kí ló wá ṣí lẹ́ẹ̀kan?

Ó padà sókè, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Ìyá gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. “O tún ti ń pè mí.”

Ọmọ ò la ẹnu pè é. Ó yára fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìyá rẹ̀.

“Màámi, ẹ má jẹ́ ìpè náà.”

Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ètè ìyá ń mì: Mò ń bọ̀.