Ta Ni Yóò Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hàlímọ̀tù?

Àgbò mẹ́ta ni Àdìsá kọ́kọ́ rí. Wọ́n dúró ṣinṣin sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù kan tó ń bọ̀ nínú eruku ọ̀nà Àfọ̀n, ojú wọn le bí ojú àwọn àgbà tó ń lọ sípàdé. Àdìsá ti tẹ ọkọ̀ tirẹ̀ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, síbẹ̀ pikọ́ọ̀pù náà gba ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kọjá, ó wọ kọ́nà, ìdí rẹ̀ yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí yangí, ó sì tún nàró. Àgbò kankan kò ṣubú. Ọmọbìnrin tó ń wà á, ìbòrí funfun lórí, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.

Ẹ má fi Àdìsá ṣẹlẹ́yà o. Mẹkáníìkì gidi ni ní Táíwò Road, ó sì wà lára àwọn díẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje ní Ìlọrin lọ́dún 1991. Ọkọ̀ Fọ́ksì tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá ló ń wà, ṣùgbọ́n ó ti tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tún tò débi pé orúkọ náà kò yẹ ẹ́ mọ́. Ó rò pé òun mọ ọkọ̀ wà. Àgbò mẹ́ta ló fi yé e pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Ó tẹ̀ lé pikọ́ọ̀pù náà dé Ọjà-Ọba. Ọmọbìnrin náà ti ń já àwọn àgbò sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọjá lára mi ní kọ́nà yẹn?"

"Oòrùn ì bá pa àwọn àgbò bí mo bá dúró dè yín."

"Ta ló kọ́ yín ní ọkọ̀?"

"Bàbá mi. Iṣu tó bá já bọ́ lójú ọ̀nà, èmi ni mo máa ń padà lọ ṣà á. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n dáadáa."

Àdìsá rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo ṣe tí kò dáa níbẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà wò ó dáadáa nígbà náà. Ọkùnrin kan kò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. "Kòtò lẹ̀ ń wò," ó ní. "Ẹ máa wo ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí."

Hàlímọ̀tù lorúkọ rẹ̀. Alfa Abdulmumini, bàbá rẹ̀, ń dáko, ó sì ń sin àgbò ní abúlé kan lọ́nà Àfọ̀n. Nígbà tí Àdìsá wá tọrọ ààyè láti kọ́ ọ ní eré ìdíje, Alfa gbà, ṣùgbọ́n ó ní pápá gbangba ni kí wọ́n ti máa ṣe é, kí ẹ̀gbọ́n Hàlímọ̀tù ọkùnrin sì wà níbẹ̀. Báyìí ni Àbdùlkàdírì, tíṣà tí kò fẹ́ràn mọ́tò rárá, ṣe ń lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé lábẹ́ igi ẹ̀mí kan, ìyẹn igi òrí, tó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí eruku sì ń bò ó.

Àdìsá kọ́ Hàlímọ̀tù bí a ti ń tẹ bíréèkì kí a tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nínú rẹ̀. Ó kọ́ ọ bí a ti ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì kí a tó yí jíà. Hàlímọ̀tù náà kọ́ Àdìsá bí ojú ṣe ń ṣíwájú ọwọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní orúkọ. Hàlímọ̀tù ń pe Àdìsá ní Ọ̀gá Kòtò, òun náà sì ń pè é ní Ìyá Àgbò.

"Ìyá Àgbò, o ti tún sáré jù."

"Ọ̀gá Kòtò, ẹ̀rù ló ń bà ẹ́."

Lọ́jọ́ kan, Àdìsá wo aago tó fi ń ka eré rẹ̀, ó tún un wò, ó sì tì í bọ àpò. Hàlímọ̀tù ti yára jù ú lọ, pẹ̀lú ọkọ̀ Àdìsá gan-an, ní pápá tó ti mọ́ Àdìsá lára. Ó dùn ún díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ìdí igi ẹ̀mí, ó ti yọ aago náà, ó fi hàn án. "Ìwọ ni wàá wà á nínú ìdíje tó ń bọ̀. Èmi á máa ka ọ̀nà fún ọ." Ọjọ́ náà ni Hàlímọ̀tù mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayọ̀ ìdíje kò jẹ́ kó rí ààyè sọ ọ́.

Ọjọ́ méjì ni ìdíje náà, láti Ìlọrin gba ojú ọ̀nà oko lọ sí Jẹ́bà, kí wọ́n sì padà. Ẹni méjì ló ń wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: awakọ̀, àti ẹni tó ń wo ìwé ọ̀nà, tó ń ka kọ́nà àti kòtò tó ń bọ̀ sí i létí. Alfa gbọ́ èyí, ó mi orí.

"N kò kọ ọkọ̀. Èmi náà ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi àti ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀, àwọn méjì péré nínú ọkọ̀, ojú ọ̀nà jínjìn bẹ́ẹ̀? Kò bá ẹ̀sìn mu." Ó wo Àdìsá, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Bí ẹ bá sì fẹ́ra yín, ẹ sọ. A ó so yìgì lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀."

"Mo gbà, Bàbá," ni Hàlímọ̀tù wí kí Alfa tó pa ẹnu dé.

Ohun tí Àdìsá ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ìgbà àwọn àgbò nìyí. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ojú Hàlímọ̀tù wà nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Àdìsá rí i. Ó délé, kò lè jẹun. Ṣé òun ló gbà láti fẹ́, àbí ìdíje?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà wá síwájú Alfa. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí yìgì dúró ná. Àbdùlkàdírì ni kó jókòó sáyè mi. Màá kọ́ ọ ní bí wọ́n ti ń ka ọ̀nà."

Hàlímọ̀tù tẹ̀ lé e jáde. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "O kọ̀ mí níwájú bàbá mi."

"N kò kọ̀ ọ́, ayànfẹ́. Bí o bá máa fẹ́ mi, kó jẹ́ èmi lo fẹ́. N kò fẹ́ kí ọkọ̀ ṣe alárinà wa."

"Ọ̀rọ̀ lásán," ó ní, ó sì wọlé.

Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìdíje fi dé. Àbdùlkàdírì ni Àdìsá ń bá ṣe wàhálà. Tíṣà bì ní kọ́nà àkọ́kọ́, ó bì ní èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ atalẹ̀, nígbà tó yá inú rẹ̀ fara mọ́ ọn. Ó wá ń ka ọ̀nà ketekete bí ẹni ń ka kéú.

Ní Jẹ́bà, Hàlímọ̀tù wọlé pẹ̀lú táyà tó ti ya. Àdìsá, mẹkáníìkì wọn, ti ṣíwájú débẹ̀, ó ń dúró dè é. Ó pààrọ̀ rẹ̀ kíá, ó nu gíláàsì, ó fi ọ́ìlì kún ẹ́ńjìnì. Kò gbójú sókè wo ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀kan, kó má baà dà bíi pé ó ń bẹ̀ ẹ́. Hàlímọ̀tù ń wò ó láti inú akoto rẹ̀ títí wọ́n fi ní kó máa lọ.

Ipò kejì ló gbà nígbà tí wọ́n padà wọ Post Office ní Ìlọrin, níbi tí ìdíje parí sí, èrò pọ̀ bí omi. Kí ó tó bọ́ sílẹ̀ ni Àlàájì kan tó ń ta mọ́tò ti ní òun á fún un ní ọkọ̀ tuntun fún ìdíje ọdún tó ń bọ̀, kí Hàlímọ̀tù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ máa lò ó. Àbdùlkàdírì, ẹni tó ń bì lọ́jọ́sí, ní òun ti gbà.

Hàlímọ̀tù wá Àdìsá kàn lẹ́yìn èrò. Eruku ti mú ojú rẹ̀ pọ́n bí osùn.

"Àlàájì ti fún mi ní ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ ọ̀nà kà. N kò nílò rẹ fún ohunkóhun mọ́."

Àdìsá nu ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́. "Mo rí i bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Wá bá bàbá mi." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo bínú sí ọ gan-an, Àdìsá. Ṣùgbọ́n ní Jẹ́bà, bí o ti ń de táyà yẹn, mo ní ojú ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ máa rí lójoojúmọ́, bí n kò bá tilẹ̀ wa ọkọ̀ mọ́ láyé."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Wàá wà á."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n fẹ́ so yìgì. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní, Àbdùlkàdírì ń ráhùn sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba ìjókòó lọ́wọ́ òun. Alfa dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ìyàwó wà láàárín àwọn obìnrin, láti bi í bóyá tinútinú rẹ̀ ni.

"Hàlímọ̀tù, ṣé ìdíje kan tún ń bọ̀ ni?"

"Rárá, Bàbá. Òjò ti dé. Kò sí ìdíje títí di ẹ̀ẹ̀rùn."

"Kí lo wá fẹ́ fi ọmọkùnrin yìí ṣe?"

"Òun gan-an ni mo fẹ́, Bàbá."

Alfa padà sáàárín àwọn ọkùnrin, ó jókòó ti Àdìsá, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún àdúrà.