Ojú Ìwé Tí Talato Kọ̀ Láti Yọ

Èmi ni mo fi wọ́n mọ ara wọn, àṣìṣe ni mo sì fi ṣe é. Kí ẹ tó bú mi, ẹ kọ́kọ́ wá wo ilé ìkàwé tí mò ń tọ́jú ní yunifásítì wa ní Wagadugu. Ìwé àwọn tó ń jẹ́ Ouédraogo nìkan gba pẹpẹ mẹ́rin níbẹ̀. Ouédraogo kan kọ̀wé lórí àrùn awó, òmíràn lórí ìṣirò, òmíràn lórí kànga, òmíràn lórí ojú tó ń fọ́ létí odò. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló mọ gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ ì bá ti bẹ́.

Mossi ni gbogbo wọn, èmi kì í ṣe ara wọn. Paré ni orúkọ ìdílé mi, ọmọ Samo ni mí. Láti ayébáyé ni àwa Samo ti ń pe àwọn Mossi ní ẹrú wa, tí àwọn náà ń pè wá ní ẹrú wọn; àwàdà ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bínú. Nítorí náà, bí mo bá ń to pẹpẹ mẹ́rin yẹn, inú mi a máa dùn, màá ní ẹ wo bí àwọn ẹrú mi ṣe mọ̀wé tó.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà Talato Ouédraogo wá yá ìwé ìtàn kan tí Ouédraogo kọ. Onímọ̀ ìtàn ni, abúlé dé abúlé ló ń lọ, tó ń kọ ìran àwọn ilé ọba sílẹ̀. Mo na ìwé Ouédraogo kan sí i, ó gbà á, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹta ó padà dé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ilẹ̀ gbígbẹ lẹ gbé fún mi o. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e sílẹ̀. Ta ló kọ ọ́?"

Ẹni tó kọ ọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, eruku pupa ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Nobila Ouédraogo ni, onímọ̀ ilẹ̀ wa, tó ń ṣèwádìí bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń gbẹ́ ihò kéékèèké sórí ilẹ̀ tó ti le bí àpáta, tí wọ́n ń da ìgbẹ́ màlúù sí i kí òjò tó dé, tí ọkà á sì hù. Ó rọra bi í pé kí ló rí níbẹ̀.

"Mo rí i pé ẹ dárúkọ gbogbo àgbẹ̀ tó kọ́ yín," ni Talato wí. "Ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Nobila fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó. Mo ti mọ ọkùnrin yìí fún ọdún mẹ́jọ, mi ò rí i kó jókòó ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ọdún kan kò tíì pé tí ìfẹ́ fi so wọ́n pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi ni wọ́n máa ń jókòó, tí olúkúlùkù ń ka ìwé tirẹ̀. Bí Nobila bá rò pé mi ò gbọ́, á ní, "Olólùfẹ́ mi, oúnjẹ ti tutù o." Talato á ní kó jẹ́ kí òun parí ìlà yìí. Ìfẹ́ wọn wù mí, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹrú mi.

Kí orúkọ ọkọ àti ìyàwó jọra kì í ṣe èèwọ̀ fún àwọn Mossi. Kí bàbá ńlá wọn jẹ́ ọ̀kan náà ni èèwọ̀. Èmi ni mo ṣáájú ìdílé Nobila gbé obì ìtọrọ ìyàwó lọ sí Ouahigouya, ìlú Talato, nítorí ọmọ Samo lè sọ ohun tí ẹlòmíràn ò lè sọ nílé Mossi. Bàbá Issoufou ló gbà wá, ẹ̀gbọ́n bàbá Talato, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dáadáa, ó wọlé, ó gbé ìwé ìwádìí tí Talato fi gboyè jáde, tí ó fi aṣọ funfun wé. Ó ṣí i, ó sì kà á sókè pé ní abúlé Koumbtenga, Raogo Ouédraogo ka ìran rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọba tó ti Ouahigouya lọ jọba níbẹ̀.

Raogo yẹn ni bàbá Nobila.

Bàbá Issoufou pa ìwé dé. "Ọmọ ọba yẹn àti bàbá ńlá tiwa, bàbá kan ló bí wọn. Èmi kọ́ ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ló kọ ọ́, òun ni wọ́n sì fi fún un ní oyè dókítà. Ẹ gbé obì yín."

Talato mọ̀ pé ojú ìwé náà wà, ó kàn rò pé ìran méje ti jìnnà tó. Lójú ẹbí rẹ̀, kò jìnnà rárá. Ìtìjú bò mí, mo gbé obì.

Ìwádìí náà ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé tí yóò sọ ọ́ di ìwé títà nígbà yẹn, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́. Iwájú mi ni Nobila ti bẹ Talato pé kó yọ ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn, kó sọ fún ẹbí rẹ̀ pé òun ṣì í kọ. Talato sunkún, ṣùgbọ́n kò yẹ̀.

"Nobila, mo fẹ́ràn rẹ débi pé ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ojú ìwé kan nítorí ọkọ, ta ni yóò gba ìyókù gbọ́?"

Ó jáde. Nobila ní, "Ó tọ̀nà," ó sì bo ojú. Inú bí mi sí gbogbo Mossi lọ́jọ́ náà, mo gun alùpùpù mi, ó di Koumbtenga, lọ́dọ̀ bàbá Nobila.

Bàbá Raogo bu omi ìyẹ̀fun ọkà tí wọ́n fi ń gba àlejò fún mi, ó bi mí bóyá ajá tí àwa Samo ń jẹ ti tán nílé wa ni mo fi wá jẹun lọ́dọ̀ òun. Mo ní a jẹ ajá tán, a wá wo àwọn ẹrú wa. A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkùnrin méjì wọlé láti ilé ọba abúlé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òkú sùn lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní kí Bàbá wá kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ kí àwọn tó gbẹ́ sàréè. Ó lọ, ó sì bọ̀. Èmi sì mọ̀ pé ní ilẹ̀ Mossi, ìran onílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilẹ̀, kì í ṣe ìran ọba.

Mo bi í pé, "Ẹrú mi, láti ìgbà wo ni ọmọ ọba ti ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọba?"

Ó fi ọkọ́ rẹ̀ ti ògiri. Mo sọ fún un pé ojú ìwé tó ní orúkọ rẹ̀ ló dá obì wa padà, mo sì sọ pé ọmọbìnrin náà lè yọ ojú ìwé yẹn, àmọ́ ó kọ̀.

"Ó kọ̀?"

"Ó kọ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Raogo dúró ní àgbàlá Bàbá Issoufou, ó ṣí fìlà. Talato wà níbẹ̀, Nobila wà níbẹ̀.

Ó ní, "Mo purọ́ fún ọmọ yín. Nígbà tí òyìnbó wá kà wá, akọ̀wé fi orúkọ ọba kọ gbogbo abúlé, bàbá mi ò sì jiyàn. Orúkọ yẹn ló ṣílẹ̀kùn ilé ìwé fún wa. Ọmọbìnrin yìí wá gba ohùn mi sílẹ̀, ó ń pè mí ní ọmọ ọba, ó dùn létí mi. Sawadogo ni wá, ìran onílẹ̀. Àwa la ni ilẹ̀ kí ẹṣin àwọn bàbá yín tó tẹ̀ ẹ́."

Nobila kúnlẹ̀ tì í. "Bàbá, mo ń rò pé èmi ni mo yan iṣẹ́ ilẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ogún mi ni."

Mo ti na ọwọ́ sí obì tí a tún gbé wá. Ṣùgbọ́n Talato ti mú ìwé àti bírò jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú àgbàlagbà náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí lorúkọ bàbá yín? Ta ló bí òun náà?" Bàbá Raogo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ìran kan tẹ̀ lé òmíràn, ohùn rẹ̀ ń le sí i. Talato ń kọ ọ́, kò fo orúkọ kankan.

Mo tún gbé obì sókè. Bàbá Issoufou di ọwọ́ mi mú, kò gbé ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀.

"Fara balẹ̀, ẹrú mi," ló wí. "Ìyàwó yín ń kọ̀wé."